Ẹ Bi Mí, N Ó Dáhùn: Ọ̀rá Píọ̀wọ́tà, Ike Mínírà àti Kẹ́ẹ̀gì Inú Ilé Yín

Ẹ kú déédéé àsìkò yìí o, ẹ̀yin èèyàn wa n'Ílọrin, l'Ọ́fà, nílẹ̀ Ìgbómìnà àti gbogbo Kwárà. Látìgbà tí mo ti sọ níbí pé kẹ́ni tó bá ní ìbéèrè nípa ike àti ọ̀rá tó ń kóra jọ nínú ilé kọ ọ́ ránṣẹ́, ìwé ò dáwọ́ dúró mọ́, àwọn kan pè, àwọn kan ya fọ́tò ẹ̀yìnkùlé wọn ránṣẹ́ sí mi, inú mi sì dùn gan-an torí ọ̀rọ̀ yìí ń jẹ mí lọ́kàn. Ẹ kàn lọ dúró lórí afárá Àmílẹ́ńgbẹ́ lọ́jọ́ tí òjò ńlá bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, kẹ́ ẹ wo bí odò Àsà ṣe ń gbé ọ̀rá àti ike wa kọjá. Ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ ti kúrò ní kékeré. Mi ò lè dáhùn gbogbo ìwé yín lẹ́ẹ̀kan, ẹni tí tiẹ̀ ò bá sí níbí kó má bínú, ó ń bọ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí. Èèyàn mọ́kànlá la wà nínú agbolé wa, báàgì píọ̀wọ́tà kan là ń mu lójúmọ́, tó bá ti dìgbà ààwẹ̀ ó máa ń di méjì. Ọkọ mi ní ká máa dáná sun ọ̀rá ẹ̀ lálaalẹ́, àmọ́ èéfín ẹ̀ ń wọlé bá àwọn ọmọ, ọ̀kan nínú wọn sì ní ikọ́ fée. Kín ni kí n ṣe? Ìyá Ìbejì, Òkè-Àndì, Ìlọrin.

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ. Ẹ bá mi bẹ Bàbá Ìbejì, kí wọ́n jáwọ́ nínú iná yẹn lónìí yìí, kó má di ọ̀la. Èéfín ọ̀rá ò dà bí èéfín igi ìdáná o, dúdú tó ń lẹ̀ mọ́ ògiri yín yẹn náà ló ń wọ ẹ̀dọ̀fóró ọmọ, tó bá wá lọ jẹ́ pé wọ́n ń ju àlòkù páìpù omi tàbí ara wáyà iná mọ́ ọn, èyí tó ń jáde níbẹ̀ tún burú sí i, èròjà kan wà nínú ẹ̀ tí wọ́n ń pè ní dáyọ́síìnì, tó bá ti wọra ó máa ń pẹ́ kó tó jáde, ó sì lè fa jẹjẹrẹ. Ọmọ tó ní ikọ́ fée ò gbọ́dọ̀ sí nítòsí ẹ̀ rárá.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ogún ló wà nínú báàgì kan, ìyẹn 600 lóṣù, 1,200 lóṣù ààwẹ̀. Ó dà bíi pé ó pọ̀, àmọ́ tẹ́ ẹ bá tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, àpò ìrẹsì kan ṣoṣo gba 600 yẹn, ó tún kù. Ohun tó ń jẹ́ kó di ìdààmú ni pé a ń jù ú síbí jù ú sọ́hùn-ún pẹ̀lú omi nínú ẹ̀. Nílé tèmi, okùn kan wà lẹ́yìnkùlé tó jẹ́ ti ọ̀rá nìkan. Ọmọdé á fi eyín já etí ẹ̀ mu, kò burú, tó bá mu ún tán á fi sísọ́ọ̀sì gé gbogbo ẹnu ẹ̀ kúrò gba ìbú, á gbọn omi inú ẹ̀ dànù, á fi pẹ́ẹ̀gì há a sórí okùn. Ìrọ̀lẹ́ la máa ń kó o sínú àpò. Ọ̀rá tútù téèyàn bá kó jọ ló ń rùn, òun náà ló ń sin ẹ̀fọn, ẹ̀fọn ò sì nílò ju omi díẹ̀ lọ láti yé ẹyin sí, ọ̀sẹ̀ kan sí méjì ó ti di èyí tó ń fò.

Tó bá ti gbẹ, ibi tó ti wúlò jù lójú tèmi ni oko. Ṣẹ́ ẹ mọ ọ̀rá dúdú tí àwọn tó ń gbin kajú àti ọ̀pẹ máa ń rà láti fi hu irúgbìn kí wọ́n tó gbé e lọ sóko? Ọ̀rá píọ̀wọ́tà ń ṣe iṣẹ́ kan náà, ọ̀fẹ́ ló sì jẹ́. Ẹ fi ìṣó lu ihò bíi mẹ́fà sí ìdí ẹ̀ àti sí ẹ̀gbẹ́ ìsàlẹ̀, tí kò bá níhò omi á dúró síbẹ̀ gbòǹgbò á jẹrà. Ẹ bu ilẹ̀ dúdú abẹ́ igi, ẹ po ìgbẹ́ ewúrẹ́ tó ti gbẹ tó sì ti pẹ́ mọ́ ọn, abọ́ méjì ilẹ̀ sí abọ́ kan ìgbẹ́, ẹ rọ ọ́ sínú ọ̀rá títí tó fi máa ku ìka méjì kó kún. Ata wẹ́wẹ́ tàbí ata rodo, ẹ ju kóró méjì mẹ́ta sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, tó bá hù kẹ́ ẹ fi èyí tó lágbára jù sílẹ̀. Ọ̀rá yìí mọ́ gaara, oòrùn ń wọnú ẹ̀ bá gbòǹgbò, torí náà ẹ tò wọ́n kí wọ́n fún mọ́ra nínú páálí tàbí rọ́bà fífọ́, kẹ́ ẹ gbé wọn síbi tí igi máńgòrò ti ń ṣíji bò wọ́n. Ata á tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kó tó ṣeé gbé lọ sílẹ̀, tòmátì máa ń yá jù ú lọ. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ hu kajú, ẹ kọ́kọ́ rẹ kóró ẹ̀ sómi mọ́jú, èyí tó bá léfòó ẹ sọ ọ́ nù, kò ní hù.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ rántí níbẹ̀: ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ń gbé e lọ sílẹ̀, ẹ fi bíléèdì la ọ̀rá náà kúrò lára ilẹ̀ ẹ̀, ẹ má ri ọ̀rá mọ́lẹ̀. Ẹ kó o padà sínú àpò. Lóṣù kẹrin tó kọjá mo hu ata 60 báyìí, mo pín in kárí àdúgbò, títí di ìsinsìnyí ẹlòmíì ṣì ń ké sí mi láti ojú fèrèsé pé àwọn ti ká nínú ẹ̀ se ọbẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Kúnnú àti sóbò ni mò ń tà nítòsí gáréèjì Ọ̀fà. Ike tuntun ti wọ́n jù, mo wá ń ra àlòkù lọ́wọ́ àwọn ọmọ tó ń ṣa á kiri. Omi gbígbóná ni mo fi ń fọ̀ ọ́ àmọ́ ṣe ló máa ń súnkì. Oníbàárà kan tún sọ lọ́sẹ̀ tó kọjá pé sóbò mi ń rùn bíi kẹrosíìnì. Oníkúnnú, Ìlọrin.

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, mo mọ̀ pé ọjà le, mi ò ní fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Ẹ má fi ike tí wọ́n ṣà nílẹ̀ ta ohun mímu mọ́. Ẹ ò mọ ohun tó ti wọ inú ẹ̀. Awakọ̀ ti tọ̀ sí òmíì lójú ọ̀nà, ẹlòmíì ti fi ra kẹrosíìnì, ẹlòmíì ti fi bu òògùn ẹ̀fọn, òórùn tí oníbàárà yín gbọ́ yẹn, ara ike gan-an ló ti wọ̀, ọṣẹ ò lè yọ ọ́.

Ti súnkì yẹn, ẹ yí ìdí ike náà sókè, ẹ ó rí àmì onígun mẹ́ta kan tí wọ́n kọ 1 sínú ẹ̀. Ike onínọ́ńbà 1 ni wọ́n fi ń ṣe ike omi àti ti mínírà, kò ní agbára ooru, tí omi bá ti gbóná dé nǹkan bí 70 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Omi tó máa pa kòkòrò inú ẹ̀ á ba ike náà jẹ́, omi tí kò sì ní ba ike jẹ́ ò ní pa kòkòrò, ẹnu ẹ̀ tún há, kànìnkànìn ò wọ̀ ọ́. Tuntun gan-an, ẹ má da sóbò gbígbóná sí i. Mo ti rí i lójú mi, lọ́jọ́ wòlímọ̀ ọmọ àbúrò mi, àkókò ti lọ, a sáré da sóbò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ sínú ike 50. Ká tó ṣẹ́jú, èjìká wọn ti wọlé, ìdí wọn yọ jáde bíi ti ìbẹ́pẹ, kò sí ẹyọ kan tó lè dúró lórí tábìlì, àlejò sì ti ń dé.

Ohun tí mo rí tó ń ṣiṣẹ́ fún àwọn kan ni pé wọ́n ń rọ kúnnú sínú kúlà ńlá tó ní ẹ̀rọ, oníbàárà tó bá gbé kọ́ọ̀pù tàbí ike tiẹ̀ wá láti ilé, wọ́n á yọ owó ike kúrò fún un. Ẹ gbìyànjú ẹ̀ pẹ̀lú àwọn tó ń rà lọ́wọ́ yín lójoojúmọ́, àwọn oníṣọ́ọ̀bù àti àwọn ọlọ́kadà ibẹ̀. Ẹ ó rí i pé ike tuntun tẹ́ ẹ ń rà lọ́sẹ̀ á dín kù.

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí wa, mo ra ẹ̀wà olóyin nígbà tí kò tíì wọ́n, kóńgò 20, kòkòrò ti wà lára ẹ̀ báyìí. Ẹnì kan ní kí n wọ́n òògùn apakòkòrò sí i, ẹ̀rù ń bà mí torí mo ti ń gbọ́ oríṣiríṣi. Mo ní kẹ́ẹ̀gì òróró tó ti tán àti ike omi ńlá mélòó kan, ṣé wọ́n lè wúlò? Ìyàwó Tíṣà, Ìgbàjà.

ÌDÁHÙN: Ọlọ́run ló ní kẹ́ ẹ béèrè. Ẹ má wọ́n òògùn kankan sí ohun tí ẹ̀yin àtọmọ máa jẹ. Ike tẹ́ ẹ ní yẹn ni òògùn ẹ̀.

Kòkòrò ẹ̀wà ń mí bí àwa náà ṣe ń mí. Tẹ́ ẹ bá dé e mọ́ inú ohun tí afẹ́fẹ́ ò lè wọ̀, á mí afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ tán, á dáwọ́ jíjẹ dúró, á kú. Gbogbo àṣírí ẹ̀ ò ju ìyẹn lọ. Bákan náà ni àpò onípele mẹ́ta tí Yunifásítì Purdue l'Ámẹ́ríkà gbé jáde fún ẹ̀wà, tí wọ́n ń tà lọ́jà báyìí, ṣe ń ṣiṣẹ́. Ike omi ńlá àti kẹ́ẹ̀gì á ṣe é fún yín nílé.

Àmọ́ ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é o. Ẹ kọ́kọ́ sá ẹ̀wà náà sóòrùn dáadáa, ẹ ju ẹyọ kan sẹ́nu, tó bá dún pàá lábẹ́ eyín ó ti gbẹ, tó bá kàn tẹ̀ kò tíì gbẹ, ẹ̀wà tútù nínú ike tí wọ́n dé pa, bíbu ni yóò bu. Ẹ jẹ́ kó tutù kẹ́ ẹ tó rọ ọ́. Kẹ́ẹ̀gì òróró yẹn, ẹ fi omi gbígbóná díẹ̀ àti ọṣẹ gbọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta, ara wọn nípọn ju ti ike omi lọ, wọ́n á gbà á, lẹ́yìn ìyẹn ẹ dorí ẹ̀ kodò fún ọjọ́ méjì kó gbẹ délẹ̀. Ẹ wò ó bóyá ó ń jò: ẹ dé e, ẹ tẹ̀ ẹ́ sínú omi nínú báàfù, tó bá ń hó jáde kò dáa fún iṣẹ́ yìí. Ẹ wá rọ ẹ̀wà kún un dé ẹnu, ẹ gbọ̀n ọ́n kó fi jókòó, ẹ tún rọ sí i, kó má ṣẹ́ku àyè fún afẹ́fẹ́. Tí ìdérí ẹ̀ bá ń mì, ẹ gé ọ̀rá fẹ́ẹ́rẹ́ kan há a láàárín kẹ́ ẹ tó lọ́ ọ pa.

Ẹ fi í sílẹ̀ fóṣù méjì ó kéré tán láìṣí i. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ràn ike kéékèèké ju kẹ́ẹ̀gì ńlá lọ: tẹ́ ẹ bá ṣí ọ̀kan fún àkàrà ọjọ́ Jímọ̀, ìyókù ò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ṣí nǹkan. Àgbàdo náà ṣeé tọ́jú bẹ́ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá dé Ìlọrin tẹ́ ẹ sì fẹ́ gbọ́ sí i, ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣèwádìí lórí ìtọ́jú ohun ọ̀gbìn lẹ́yìn ìkórè, NSPRI, ojú ọ̀nà Àsà Dam níbí ni olú ilé iṣẹ́ wọn wà, púpọ̀ nínú wa ń kọjá níwájú géètì wọn láìmọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀wà wa ni wọ́n ń bá yí nínú ilé.

ÌBÉÈRÈ: Mo kí yín o. Àgbẹ̀ ni mí. Kẹ́ẹ̀gì òògùn apakoríko tó ti tán pọ̀ nílé mi, wọ́n lágbára, ìdérí wọn dáa. Ìyàwó mi ní òun á fọ̀ wọ́n, òun á fi gba epo pupa. Mo ní kó jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi yín. Bàbá Àgbẹ̀, Òmù-Àrán.

ÌDÁHÙN: Bàbá, mo kí yín, ẹ kú iṣẹ́ oko. Inú mi dùn pé ẹ béèrè. Ẹ bá mi sọ fún Màmá pé rárá o. Kì báà jẹ́ ọṣẹ dúdú ni wọ́n fi fọ̀ ọ́, kì báà jẹ́ iyanrìn gbígbóná, òògùn yẹn ti wọ ara ike. Epo pupa gan-an ló máa fà á jáde jù torí epo a máa yọ́ ohun tí omi ò lè yọ́. Wọn ò gbọ́dọ̀ fi bu omi mu, wọn ò gbọ́dọ̀ fi fún ewúrẹ́ lómi, wọn ò sì gbọ́dọ̀ fún ọmọdé fi pọnmi.

Bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é nìyí. Tẹ́ ẹ bá ti da òògùn tán sínú táǹkì tẹ́ ẹ fi ń fọ́n ọn, ẹ bu omi mímọ́ dé ìdá kan nínú mẹ́rin kẹ́ẹ̀gì náà, ẹ dé e, ẹ gbọ̀n ọ́n dáadáa, ẹ da omi yẹn sínú táǹkì kan náà kẹ́ ẹ fọ́n ọn sí koríko. Ẹ̀ẹ̀mẹta. Ẹ̀yin ò fi òògùn ṣòfò, ẹ ò sì da májèlé sí odò tàbí ẹ̀bá kànga. Lẹ́yìn náà ẹ fi ọ̀bẹ lu ihò sí i lára kẹ́nikẹ́ni má lè lò ó mọ́, kẹ́ ẹ kó wọn síbì kan tó ní kọ́kọ́rọ́ títí ẹ ó fi rí ẹni tó tà á fún yín bóyá wọ́n ń gbà á padà. Ẹ má sun ún.

Ọ̀rọ̀ yìí ló mú mi rántí kẹrosíìnì. Lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, ọmọ ọdún méjì kan ládùúgbò wa wọ abẹ́ tábìlì, ó rí ike omi kékeré kan, ohun tó wà nínú ẹ̀ mọ́ bí omi, ọmọ ṣí i ó gbé e mì. Ìyá àgbà sáré gbé epo pupa, ó ti fẹ́ dà á sí i lẹ́nu, nọ́ọ̀sì kan tó ń gbé ilé kejì ló wọlé tó di ọwọ́ ẹ̀ mú. Ẹ jọ̀ọ́, gbogbo ẹni tó ń ka èyí: tọ́mọ bá mu kẹrosíìnì, ẹ má fún un lépo, ẹ má ki ìka bọ̀ ọ́ lọ́fun pé kó bì. Bíbì yẹn ló máa gbé kẹrosíìnì gba ọ̀nà òdì wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ gbé e lọ sọ́síbítù lójú ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ mú ike náà dání. Ọmọ yẹn yè, ó ti ń lọ ilé kéwú báyìí. Nínú ilé tèmi látọjọ́ náà, ohun tí kì í ṣe mímu ò wọnú ike omi, tí ẹnikẹ́ni bá tiẹ̀ fi ọwọ́ ara ẹ̀ gbé e wá láti ọjà, ẹnu ọ̀nà ni màá ti dá a dúró.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ mi, bútà àlùwàlá mẹ́ta ló ti là mọ́ mi lọ́wọ́ látìgbà ààwẹ̀. Ó ń dùn mí láti jù wọ́n nù. Ìyá Àgbà, Òkèlélé.

ÌDÁHÙN: Màmá, mo kúnlẹ̀ kí yín o. Ẹ má jù wọ́n nù. Èyí tó bá là lápá òkè ṣì lè gba omi dé ìdajì, ẹ jẹ́ kó di ti ata inú ọ̀rá tá a sọ lókè yẹn, imú bútà tẹ́ẹ́rẹ́, omi ẹ̀ rọra ń bọ̀, kò ní hú kóró jáde bí omi abọ́ ṣe ń hú u. Èyí tó bá là nídìí, kí ọmọ kan bá yín fi ayùn gé e sí méjì. Apá òkè, ẹ dorí ẹ̀ kodò ó di àrọ tẹ́ ẹ lè fi rọ èlùbọ́ tàbí ẹ̀wà sínú ike, ẹ fi nǹkan dí imú ẹ̀. Apá ìsàlẹ̀, ẹ gbin ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ sí i, ibi tó ti là yẹn náà ni omi á máa gbà jáde.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta Àǹtí. Yàrá kan ni mò ń gbé ní Táńkè, oúnjẹ rírà ni mò ń jẹ jù. Páàkì funfun tó dà bíi fóòmù ń pọ̀, àtàwọn rọ́bà tó ní ìdérí. Èwo ni mo lè tún lò, èwo ni mo lè fi gbé oúnjẹ kaná? Akẹ́kọ̀ọ́, Ìlọrin.

ÌDÁHÙN: Páàkì funfun yẹn, lo ẹ̀ẹ̀kan ni. Má ṣe fi gbé ọbẹ̀ gbígbóná, má gbé e sínú maikirowéfù, má fi tọ́jú oúnjẹ òróró mọ́jú. Èkó tiẹ̀ ti fòfin dè é lóṣù kìn-ín-ní ọdún 2024. Dípò kó o máa wá ohun tó o máa fi ṣe, gbé abọ́ onídèérí tìẹ dání lọ bá olóúnjẹ, ó sábà máa ń bù ún kún dáadáa ju ti páàkì lọ. Rọ́bà onídèérí, wo ìdí ẹ̀, tó bá jẹ́ 5, ike tó le nìyẹn, ó gba ooru ju nọ́ńbà 1 lọ, o lè tún un lò fún oúnjẹ títí ara ẹ̀ á fi ha tàbí yí àwọ̀, lẹ́yìn ìyẹn kó di ti bọ́tìnì, ṣájà, iyọ̀ àti àlùbọ́sà. Oúnjẹ tó o bá fẹ́ gbé kaná, dà á sínú abọ́ tánganran.

ÌBÉÈRÈ: Mo fẹ́ mọ̀ bóyá owó wà nínú ẹ̀. A jẹ́ ọ̀dọ́ márùn-ún, a ti ń kó ike àti ọ̀rá jọ lẹ́yìn ìnáwó, ọmọ síso àti wòlímọ̀, àmọ́ ẹni tó wá rà á fún wa lówó tí ò tó nǹkan, ó ní ẹrù wa dọ̀tí. Ọ̀dọ́, Ọ̀fà.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú akitiyan, ẹ̀yin àbúrò mi. Ẹni yẹn ò parọ́ pátápátá. Ike àti ọ̀rá tí wọ́n bá rà, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á lọ̀ ọ́ wẹ́wẹ́, wọ́n á yọ́ ọ, ìdọ̀tí àti ike tí kì í ṣe irú kan náà ló ń ba iṣẹ́ jẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Ike mínírà nọ́ńbà 1 ń di òwú tí wọ́n fi ń hun aṣọ tàbí tí wọ́n ń kì sí ìrọ̀rí. Ọ̀rá píọ̀wọ́tà ń di kóró kéékèèké tí wọ́n tún fi ń ṣe ọ̀rá dúdú. Torí náà ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀ láti ibi ìnáwó gan-an. Ẹ gbé àpò mẹ́ta dání, ọ̀kan fún ike, ọ̀kan fún ọ̀rá píọ̀wọ́tà, ọ̀kan fún ìdérí, torí ìdérí àti òrùka ọrùn ike kì í ṣe irú ike kan náà pẹ̀lú ara ẹ̀, ẹ yọ wọ́n. Ẹ má jẹ́ kí egungun àti ìrẹsì wọ inú ẹ̀. Ẹ tẹ ike pẹlẹbẹ kí àpò lè gbà á, owó ọkọ̀ ló ń jẹ èrè yín mọ́ ìdí. Ike ò wúwo rárá, kílò kan lè gba ike kékeré 50 sí 80, torí náà ẹ jẹ́ kó pọ̀ dáadáa kẹ́ ẹ tó pè wọ́n wá, kẹ́ ẹ sì dúró ti ojú ìwọ̀n wọn.

Àmọ́ ká sọ òótọ́, owó tó dáa jù nínú ẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹni tó bá fi ṣe nǹkan. Mo mọ ìyá kan tó ń fi ọ̀rá píọ̀wọ́tà hun àpò ọjà, mo jókòó tì í lọ́sàn-án ọjọ́ kan títí mo fi mọ̀ ọ́n. Ó tẹ́ ọ̀rá tó ti gbẹ pẹrẹsẹ, ó gé òkè àti ìsàlẹ̀ tí wọ́n lẹ̀ pọ̀ kúrò, ó wá ń gé ìyókù gba ìbú, ìka méjì ìka méjì, èyí tó bá gé kọ̀ọ̀kan á la bí òrùka. Ọ̀rá kan ń fún un ní òrùka márùn-ún sí mẹ́fà. Ó ki òrùka kan bọ inú èkejì, ó fà á gba inú ara ẹ̀, ó le pin, ó tún mú òmíì, bó ṣe ń so wọ́n lọ nìyẹn títí tó fi di okùn gígùn tó ká bí bọ́ọ̀lù òwú, búlúù àti funfun ń hàn nínú ẹ̀ láti ara ìwé tí wọ́n tẹ̀ sí ọ̀rá. Abẹ́rẹ́ kíróṣéè tó nípọn ló fi ń hun ún. Àpò kan lè gba ju ọgọ́rùn-ún ọ̀rá lọ, ó sì ń gba ọjọ́ méjì mẹ́ta, àmọ́ iṣu márùn-ún kò já a. Ìlú òfì ni ìlú wa, ọwọ́ híhun ò ṣàjèjì síbí. Tí ọ̀kan nínú yín bá ní ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n tó mọ kíróṣéè, ẹ lọ jókòó tì í.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, Àǹtí. Tíṣà ni mí nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àga ò tó wa, ọ̀rá bisikíìtì àti ike sì kún gbogbo fíìdì. Mo gbọ́ pé wọ́n ń fi ike kọ́lé, ṣé òótọ́ ni? Tíṣà, Àjàṣẹ́-Ìpo.

ÌDÁHÙN: Òótọ́ ni. Ní Yelwa, ní Kàdúná, wọ́n kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ lọ́dún 2011, iyanrìn ni wọ́n rọ kún inú ike, wọ́n dé e pa, wọ́n tò ó bíi bíríkì, amọ̀ àti okùn ni wọ́n fi mú un pọ̀. Ẹ má tíì bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Àga ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣe, ọ̀rá bisikíìtì yẹn ló sì máa wọ inú ẹ̀ dípò iyanrìn, kó lè fúyẹ́ fún ọmọdé láti gbé.

Ẹ wá ike lítà kan ààbọ̀ méje tó jẹ́ irú kan náà, kí gíga wọn dọ́gba. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan máa fọ ọ̀rá tiẹ̀, kó sá a kó gbẹ, èyí tó bá tutù á bu nínú ẹ̀. Ẹ máa fi igi tó yi tó ọwọ́ ọmọdé kì í mọ́lẹ̀, díẹ̀díẹ̀, kó le gbagidi láti ìdí, kẹ́ ẹ má dúró dìgbà tó bá kún kẹ́ ẹ tó kì í. Ìwọ̀n tí wọ́n ń lò ni pé ike lítà kan ààbọ̀ gbọ́dọ̀ wúwo tó gíráàmù 500, ẹ lè gbé e lọ sórí ìwọ̀n aláta. Tí ò bá tó, tẹ́ ẹ bá jókòó lé e á tẹ̀. Bí ọ̀rá tó ń wọ inú ike kan ṣoṣo ṣe pọ̀ tó á yà yín lẹ́nu, kíláàsì kan lè lo odidi ọ̀sẹ̀ kan lórí àga kan.

Tó bá pé méje, ẹ gbé ọ̀kan sáàárín, mẹ́fà á yí i ká láìsí àlàfo, ẹ dán an wò ẹ ó rí i, ẹ lè fi kọ́ wọn ní ìṣirò níbẹ̀ náà. Ẹ lọ bá fọkanáísà, ẹ tọrọ túbù táyà tó ti bàjẹ́, ẹ gé e tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ fi dì wọ́n pinpin lókè, láàárín àti nísàlẹ̀. Ẹ fi páálí sórí ẹ̀, kí télọ̀ rán àṣẹ́kù àǹkárá bò ó títí délẹ̀, torí oòrùn tó bá ń pa ike lójoojúmọ́ á jẹ́ kó gbẹ kó sì máa fọ́. Inú kíláàsì ni kẹ́ ẹ máa tọ́jú ẹ̀ sí. Tẹ́ ẹ bá ti parí àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ kí ọmọ tó sanra jù nínú wọn jókòó lé e, kẹ́ ẹ ya fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, màá fi hàn wọ́n níbí.